Gbèsè Wo Ni Ẹni Iwájú Jẹ Ẹni Ẹ̀yìn?

Ní ọdún 2003, lẹ́tà kan dé sínú ímeèlì mi láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní Ìlà Oòrùn Yúróòpù tí n kò mọ̀ rí. Lẹ́tà náà kò gùn. Ó ní òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ń lo ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí mo kọ, èyí tó ń ṣa ojú-ìwé tí ènìyàn bá fẹ́ láti inú ìwé gbọọrọ, kí ó lè yẹ̀ wọ́n wò lójú ẹ̀rọ kí ó tó tẹ̀ wọ́n sórí bébà. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde kọ̀ jálẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ wọn. Ó da gbogbo ẹ̀sùn tí ẹ̀rọ náà fi kan ètò mi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ó sì béèrè tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé kí ni kí àwọn ṣe.

Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà gan-an. Ìlà kan ṣoṣo ni mo kọ: pé ẹ̀rọ wọn ti gbó, kí wọ́n wá òmíràn. Mo fi ránṣẹ́, mo sì lọ jẹun.

Oúnjẹ náà kò lọ geerege. Mo gbìyànjú láti dá ara mi láre, àwíjàre náà kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ìbéèrè tó dìde lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níbí: ǹjẹ́ ẹni tó ti rìn síwájú jẹ ẹni tó wà lẹ́yìn ní gbèsè kankan? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fi ọ̀rọ̀ olówó àti tálákà dáhùn rẹ̀, tàbí ti orílẹ̀-èdè ńlá àti kékeré. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni èmi yóò fi dáhùn, nítorí ibẹ̀ ni mo ti jẹ gbèsè náà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti fẹ́ sá fún un.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Mo dé Amẹ́ríkà ní 1994 láti kẹ́kọ̀ọ́ nínú ìmọ̀ ìṣirò. Yàrá kan wà ní abẹ́ ilé ẹ̀ka wa, tí kò ní fèrèsé, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn ẹ̀rọ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n òkè ti lò tì sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì fún mi ní àga. Ẹ̀rọ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni SPARCstation SLC, iṣẹ́ ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems, tó kọ́kọ́ jáde ní 1990. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní workstation ni, èyí tí a ṣe fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà, Unix ló sì ń darí rẹ̀. Gbogbo ọpọlọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ojú rẹ̀, bí ìgbín tó kó sínú ìkarahun. Kò mọ àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tó ń ka èyí lè má gbà mí gbọ́: ìrántí tó pọ̀ jù tó lè gbà kò ju mẹ́gábáìtì 16 lọ. Fóònù tó ní gígábáìtì 4, irú èyí tí ẹ̀ ń pè ní fóònù aláìlówó, fi ìlọ́po 256 jù ú lọ.

Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀. Èmi nìkan ni mo ń lò ó.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ oyè mi. TeX ni mo fi kọ ọ́, ìyẹn ètò ìtòwé tí Donald Knuth ṣe. Ìdí tí àwọn oníṣirò fi ń lò ó ni pé ó mọ àmì ìṣirò í tò. Èmi ní ìdí kejì. Nínú TeX, bí o bá kọ \d síwájú lẹ́tà, yóò fi àmì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ àmì ohùn lókè, \' tàbí \` ni wàá lò. Ẹ lè to méjèèjì pọ̀ sórí lẹ́tà kan ṣoṣo. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ètò ìkọ̀wé kò lè fi ọ́ sójú bébà láìjẹ́ pé ènìyàn fi bírò tọ́ ọ sí i, TeX lè kọ orúkọ ìyá mi bó ṣe yẹ kí ó rí. Ojú-ìwé ìjúbà ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí. Ìyá mi kò ní lè ka ìṣirò inú ìwé náà, ṣùgbọ́n yóò ka orúkọ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé bí àmì kan bá ṣìnà, òun ni yóò kọ́kọ́ rí i.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá àmì wà ní ààyè rẹ̀? Ọ̀nà kan ni kí n tẹ̀ ẹ́ jáde. Sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà lórí ojú-ìwé kan, ìwé mi sì jẹ́ ojú-ìwé 140. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, mo rí àṣìṣe mọ́kànlá. Mo tún un ṣe, mo tún tẹ̀ ẹ́, àwòrán orí kẹta ti yọ́ lọ sórí ọ̀rọ̀. Dọ́là 28 ti lọ báyẹn. Owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan fún mi ni nígbà náà. Àwọn tó wà lókè kò ní irú wàhálà yìí, torí pé wọ́n ń wo ìwé tiwọn lójú ẹ̀rọ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ètò tí wọ́n fi ń wò ó ni Ghostview. Kò sí lórí ẹ̀rọ tèmi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí ètò yẹn ń ṣe. Ìwé tó ń lọ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà náà máa ń wà ní èdè kan tó ń jẹ́ PostScript, tí ilé-iṣẹ́ Adobe gbé jáde ní 1984. Ìwé PostScript kì í ṣe àwòrán ojú-ìwé. Àṣẹ ni: lọ síbí, fa ìlà dé ọ̀hún, kọ lẹ́tà yìí, ó tán, ti bébà jáde. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè náà yóò kàn rí ọ̀rọ̀ jáganjàgan ni. Ó nílò ògbufọ̀. Inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé olówó ńlá ni ògbufọ̀ yẹn máa ń wà, títí di 1988 tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ L. Peter Deutsch kọ Ghostscript, ògbufọ̀ tó lè jókòó sínú kọ̀ǹpútà lásán, tó sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni Tim Theisen kọ Ghostview, èyí tó ń ṣí fèrèsé lójú ẹ̀rọ, tó ń jẹ́ kí o yan ojú-ìwé, tó sì ń rán Ghostscript níṣẹ́ láti yà á. Ghostview ni ojú, Ghostscript ni ọpọlọ. Ènìyàn gbọ́dọ̀ ní méjèèjì.

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbàdo ni wọ́n ń fún ọ, kì í ṣe ògì. Ohun tí o máa gbà ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ ètò náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní èdè C. Ìwọ ni wàá gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọta tìrẹ, tí wọ́n ń pè ní compiler, kí ó lè di ohun tí ẹ̀rọ rẹ lè jẹ. Ẹ̀rọ ìlọta tó wà lórí SunOS mi sì ti pẹ́.

Bó ṣe pẹ́ ni pé irú C tó gbọ́ ni èyí tí Brian Kernighan àti Dennis Ritchie ṣàlàyé nínú ìwé wọn ní 1978. Ní 1989 ni àwọn àjọ tó ń fi ìlànà lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà tún èdè náà tò, tí wọ́n sì pe ti tuntun ní ANSI C. Ìyàtọ̀ tó dun ẹ̀rọ mi jù kò ju bí a ṣe ń fi àlejò han ìjókòó lọ. Nínú C ti àtijọ́, ìwọ yóò kọ́kọ́ to orúkọ àwọn àlejò: Lágbájá, Tàmẹ̀dò. Lẹ́yìn náà ni wàá padà wá sọ pé Lágbájá yìí, nọ́ńbà ni. Tàmẹ̀dò yìí, lẹ́tà ni. Nínú ti tuntun, o máa pe oyè mọ́ orúkọ lẹ́ẹ̀kan náà: nọ́ńbà Lágbájá, lẹ́tà Tàmẹ̀dò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ṣùgbọ́n compiler mi gbọ́ "nọ́ńbà" níbi tó ti ń retí orúkọ, ó sì fárígá. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé Ghostscript fún un, ẹ̀sùn àṣìṣe ń ṣàn lójú ẹ̀rọ bí omi òjò títí mo fi dá a dúró.

Ẹnìkan ní kí n gba GCC, compiler ọ̀fẹ́ tó gbọ́ èdè tuntun. Ìmọ̀ràn tó dára ni, àmọ́ ààyè tí wọ́n fún mi lórí dísìkì kò lè gbà á.

Mo fẹ́ pa á tì. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo tún jókòó, mo ka ìwé àlàyé tó bá Ghostscript wá, ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. (Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà kì í kà á.) Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n là fún àwọn tó ń lo Unix: ọ̀kan fún àwọn tó ní GCC, ọ̀kan fún àwọn tó ní ANSI C, ìkẹta sì ń jẹ́ unixtrad, fún àwọn tí compiler wọn jẹ́ ti ìṣẹ̀ǹbáyé. Ti ìṣẹ̀ǹbáyé! Wọ́n ti mọ̀ pé irú mi wà.

Ohun tó wà lójú ọ̀nà kẹta yìí ni ètò pẹ́ńpẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ kò dùn ún pè, ansi2knr. Deutsch fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gba fáìlì tí a kọ ní C tuntun, kí ó tú bí wọ́n ṣe fi àwọn àlejò hàn padà sí ti àtijọ́, kí ó wá gbé e fún compiler arúgbó. Bẹ́ẹ̀ fún gbogbo fáìlì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Òǹkọ̀wé náà fẹ́ràn èdè tuntun, inú rẹ̀ ló sì ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Kò dá ara rẹ̀ dúró nítorí mi. Ó kàn rán ògbufọ̀ padà sẹ́yìn wá bá mi.

Mo pẹ́ kí n tó mọ apá tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ètò pẹ́ńpẹ́ yẹn kò gbọ́n púpọ̀. Kò lè mọ ibi tí iṣẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ nínú fáìlì àyàfi bí orúkọ iṣẹ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ gan-an láti etí òsì ìwé, láìsí àlàfo kankan níwájú rẹ̀. Ìyẹn ni pé kí ansi2knr tó lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹni tó ń kọ Ghostscript gbọ́dọ̀ máa rántí nígbà gbogbo, ní fáìlì lẹ́yìn fáìlì, láti bẹ̀rẹ̀ orúkọ láti etí ìwé. Ohun kékeré ni. Ẹni tó ní compiler tuntun kò ní mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yẹn bá ń kọ iṣẹ́ tuntun, yálà ó rò ó tàbí kò rò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ohun kan nítorí ẹni tí kò rí, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó.

Ghostscript gbà. Ó kù Ghostview, òun náà sì ní ìjọ̀ngbọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó parí, ẹ̀rọ ní òun kò rí ohun kan tó ń jẹ́ get_wmShellWidgetClass. Mo wá a káàkiri fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó lo Sun nígbà yẹn yóò rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ka orúkọ náà, torí kò sí ẹni tí kò ko ó lójú: àléébù kan ni nínú àwọn àkójọ iṣẹ́ tí Sun fi ń ṣí fèrèsé lójú ẹ̀rọ, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju kí ènìyàn so àkójọ kan pọ̀ mọ́ ètò rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn lọ. Àwọn tó ṣáájú mi ti kọ àtúnṣe náà sílẹ̀. Mo kàn ní láti rí i ni.

Nǹkan bí aago méjì òru, fèrèsé funfun kan ṣí lójú ẹ̀rọ mi. Ojú-ìwé ìjúbà wọlé láti òkè wá sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń na ẹní. Orúkọ ìyá mi wà níbẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. Àmì ohùn kan ti ṣì. Mo tún un ṣe, n kò ná sẹ́ǹtì kan.

Ó yẹ kí ẹ rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní gbàgbé. Mo gbàgbé. Ní 1997 mo kọ ètò tèmi, ìmoore sì mú mi kọ ọ́ ní ọ̀nà méjèèjì: gbogbo ibi tí èdè tuntun àti ti àtijọ́ bá ti yàtọ̀, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí compiler tó bá dé mú èyí tó gbọ́. Ó dùn mọ́ mi fún ọdún méjì. Ní ọdún kẹfà, ó ti sú mi. Bí mo bá tún apá kan ṣe, mo gbọ́dọ̀ tún èkejì ṣe. Ní ọjọ́ kan ní 2003, mo pa gbogbo ti àtijọ́ rẹ́, bí ìlà 300. Mo tún yọ àwọn ẹ̀dà àtijọ́ kúrò níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbà á, kí ibẹ̀ lè mọ́. Ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù ìdí igi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà olùkọ́ yẹn dé.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àbúrò kan, ọmọ Yorùbá tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú kan náà. Mo retí pé yóò bá mi kẹ́dùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ó ní, "ta ló sanwó fún yín? Ọ̀fẹ́ lẹ kọ ọ́, ọ̀fẹ́ lẹ fi tọrẹ. Ọrẹ kì í ṣe gbèsè. Tí mo bá fún alágbe lówó lónìí, ṣé ó lè wá gbé mi lọ sí kóòtù lọ́la torí pé n kò fún un mọ́?"

Mo ní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ tún wò ó. Gbogbo ìlà àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ibùba àṣìṣe ni. Ẹ̀ ń fi àkókò tó yẹ kí ẹ fi ṣe ohun tuntun pọn àwọn tí kò fẹ́ rìn. Ẹ sọ̀ wọ́n kalẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ ara wọn rìn."

N kò ní èsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àti títí di òní mo gbà pé òótọ́ wà nínú ohun tó sọ. Ìrọ̀rùn ẹni ẹ̀yìn, ẹnìkan ló ń san án. Ẹni tó bá ní òun yóò dúró de gbogbo ayé kò ní kúrò níbi tó wà. Àwọn tó ń ṣe Automake, irinṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ètò ọ̀fẹ́ ń lò, ti fi ansi2knr sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2012 wọ́n yọ ọ́ kúrò. N kò dá wọn lẹ́bi. Nígbà yẹn, àwọn tó nílò rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Kò sí ohun tó ní kí afárá wà lórí odò tó ti gbẹ.

Àmọ́ ibi méjì wà tí àwíyé àbúrò mi kò dé. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn "tí kò fẹ́ rìn". Nígbà tí mo padà ka lẹ́tà olùkọ́ náà dáadáa, mo rí ohun tí ìkánjú kò jẹ́ kí n rí. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe èyí tí wọ́n yàn. Yunifásítì ọlọ́rọ̀ kan ló ti lò wọ́n tì, tó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Bátìrì kékeré tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà rántí aago àti ọjọ́ ti kú nínú méjì nínú wọn, tí olùkọ́ náà fi ní láti máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọjọ́ sí i ní gbogbo òwúrọ̀. Bí ó bá gbàgbé, wàhálà dé, nítorí irinṣẹ́ kan wà lórí Unix tó ń jẹ́ make, tó ń pinnu ohun tó yẹ kí a tún lọ̀. Ọjọ́ tí a kọ fáìlì nìkan ni make ń wò. Bí èyí bá dàgbà ju ìyẹn lọ, ó ti di àtijọ́ nìyẹn, kí wọ́n tún un ṣe. Bí aago ẹ̀rọ bá wà lẹ́yìn, make yóò máa lọ ohun kan náà ní àlọ̀túnlọ̀, torí pé ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán yóò dàgbà lójú rẹ̀ ju àgbàdo tó ti lọ̀ ọ́ lọ. Kì í bi í bóyá fáìlì náà ṣì dára. Kì í bi í bóyá ẹnìkan ń lò ó. Irinṣẹ́ ni, a kò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kọ̀wé sí ọmọlúàbí pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó, kí ni mo wò ju ohun tí make ń wò lọ? Ẹ̀rọ tirẹ̀ kò dàgbà ju èyí tí mo fi kọ àpilẹ̀kọ mi lọ. Bí ẹnìkan bá ti sọ fún mi ní 1995 pé kí n wá òmíràn, ibo ni mo fẹ́ rí i?

Ibi kejì ṣòro jù, mo sì ti rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òtítọ́ ni pé ọrẹ kì í ṣe gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ní mo gbẹ́ kànga sí ojúde mi. Kò sí ẹni tó fi dandan mú mi gbẹ́ ẹ. Ará àdúgbò ní àwọn lè pọn níbẹ̀ ni? Mo ní kí wọ́n máa pọn. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń pọn, wọn kò wá omi mọ́ níbòmíràn, àwọn mìíràn sì kọ́lé sí tòsí nítorí omi náà. Lóru ọjọ́ kan mo da iyẹ̀pẹ̀ dí i. Òwúrọ̀, obìnrin kan gbé korobá dé, mo ní, "Ẹ lọ ra ẹ̀rọ tó ń fa omi." Tèmi ni kànga náà. Tèmi ni ilẹ̀. Síbẹ̀, ta ni yóò sọ pé n kò ṣe ohun tó burú? Láàárín ọjọ́ tí mo gbẹ́ ẹ àti ọjọ́ tí mo dí i, ohun kan ti dàgbà láàárín èmi àti àwọn tó ń pọn, tí a kò fi ẹnu sọ, tí a kò sì kọ sílẹ̀. N kò jẹ wọ́n ní omi títí ayé. Mo jẹ wọ́n ní ìkìlọ̀. Mo jẹ wọ́n ní àkókò láti wá ibòmíràn. Ó kéré jù, mo jẹ wọ́n ní ìdáhùn tó mọ̀ pé ènìyàn ló gbé korobá dání.

Nítorí náà, n kò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ mi ni ìlà 300 tí mo pa rẹ́. Ó lè tó àkókò láti pa wọ́n rẹ́. Ohun tí mo ṣe tí kò dára ni pé n kò wo ẹ̀yìn kí n tó pa wọ́n rẹ́, mo tún kó àwọn ẹ̀dà àtijọ́ dànù, tí ẹni tí tuntun kò bá gbà fún kò fi rí ibi padà sí. Ìyẹn jọ ẹni tó gun àjà tó fa àkàbà gòkè tẹ̀lé ara rẹ̀.

Mo tún ronú nípa GCC, èyí tí wọ́n sọ pé kí n gbà nígbà náà, tí èmi náà ì bá sọ fún olùkọ́ yẹn bí mo bá ní sùúrù díẹ̀ sí i. Àgbàdo ni GCC náà. Compiler àtijọ́ tó wà lórí ẹ̀rọ rẹ ni wàá kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Àwọn tó ń ṣe é mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí i dájú pé compiler àtijọ́ lè ka apá tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú rẹ̀, títí di 2004. Wọ́n kọ́ ilé alájà, wọ́n sì rántí pé orí ilẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ gùn ún yóò ti gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́.

Mo kọ lẹ́tà kejì sí olùkọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dá àwọn ẹ̀dà àtijọ́ padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní 1997 dípò kíkọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì: mo kọ gbogbo ètò náà ní C tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ gbogbo orúkọ láti etí òsì ìwé, mo sì fi ansi2knr sí ojú ọ̀nà. Ọjọ́ Sátidé méjì ló gbà. Ìyàwó mi ní òun kò rí ẹni tó fi òpin ọ̀sẹ̀ méjì ṣiṣẹ́ fún àlejò tí kò ní rí láéláé, ó sì gbé tíì wá fún mi. Mo kọ ọ́ sí ojú ìwé àlàyé pé títí di òpin 2005 ni mo máa ṣe èyí mọ, pé lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀dà ìkẹyìn yóò ṣì wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Mo fi ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé ó ti bínú kọjá lọ, mo sì rò pé bó bá bínú, ó tọ́ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, èsì dé. Ó ní ilé-ìwé ti wà ní ìsinmi. Ó ní ètò náà ti gbà lórí ẹ̀rọ mẹ́ta, èyí kẹrin kò tíì tan. Ó ní òun dúpẹ́, àti pé bí n kò bá ní bínú, compiler àwọn ní ohun kan kò tọ́ ní ìlà 212. Mo lọ wo ìlà náà. Compiler arúgbó yẹn ló jàre: àṣìṣe kan ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, tí gbogbo compiler tuntun ti ń gbójú fò.